Ẹ Má Tíì Buwọ́ Lu Lẹ́tà Yunifásítì Yẹn

Ìyá kan tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní ìhà Ìdànrè ló kọ̀wé sí mi. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì kan wá bá wa pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n bi wá ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n ka igi kòkó, wọ́n ká èso tó ti rà lọ. Wọ́n kọ́ wa pé ká máa já kòkó tó bá ti dúdú kúrò lórí igi ká tó fọ́n oògùn, ká sì máa rẹ́ ẹ̀ka kí afẹ́fẹ́ lè ráyè wọ inú oko. Wọ́n pín ìwé pélébé fún wa, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Láti ìgbà náà a kò gbúròó wọn mọ́. Lóṣù tó kọjá ni wọ́n tún dé, wọ́n gbé lẹ́tà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ wá, pé kí alága àti èmi buwọ́ lù ú. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìwádìí àwọn ti sọ owó tó ń wọlé fún ọmọ ẹgbẹ́ wa di ìlọ́po mẹ́ta. Alága ní kí n buwọ́ lù ú, pé àlejò wa ni wọ́n. Ọwọ́ mi kọ̀. Ṣé mo ṣẹ̀? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá ìmọ̀ yunifásítì ṣe ìlú láǹfààní lóòótọ́?"

Ìyá Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kò ṣẹ̀ rárá. Ẹ má buwọ́ lu lẹ́tà náà bó ṣe wà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má lé wọn padà o. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ̀yin fúnra yín kọ lẹ́tà tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo mọ̀ pé yóò wúlò fún wọn ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí láti ọjọ́ pípẹ́, níbí ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀ Oǹdó: kí n tọ ipasẹ̀ ìwádìí dé ibi tí wọ́n ní ó dé, kí n fojú ara mi rí i bóyá ó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ti ń wá, kí ẹ má baà rò pé jìbìtì ni wọ́n fẹ́ lù yín. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́, iye ìwé tí olùkọ́ yunifásítì bá kọ jáde nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ èsì ìwádìí sí, ni wọ́n fi ń gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ bíi tirẹ̀ ló sì ń ka ìwé náà. Nígbà tó yá, àwọn ìjọba tó ń san owó ìwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ni àwọn tí kò sí ní yunifásítì rí níbẹ̀. Bìrìtéènì ló gbé ìbéèrè yìí karí jù. Ní 2014, nínú ètò tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìwádìí àwọn yunifásítì wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní REF, wọ́n ya ìdá 20 nínú 100 sọ́tọ̀ fún ohun tí ìwádìí yí padà lóde yunifásítì: nínú ìlera, ọrọ̀ ajé, òfin, àṣà, àyíká àti ìgbé ayé àwọn èèyàn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2021, wọ́n ti gbé e sí 25. Èsì ètò yìí ni wọ́n ń wò pín nǹkan bí bílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn fún àwọn yunifásítì lọ́dọọdún, ẹ ó sì rí i pé kò sí èyí tó lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Àwọn tó ń díwọ̀n máa ń wo ibi tí oore náà nà dé, àti bó ṣe wọ àwọn tó rí i gbà lára tó. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń kọ ìtàn náà, ó sì gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe.

Àṣà náà ti tàn ká ayé. Láti 2019 ni iléeṣẹ́ Times Higher Education ti ń to àwọn yunifásítì gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ń ṣe nípa àfojúsùn ìdàgbàsókè 17 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là kalẹ̀, àwọn yunifásítì Nàìjíríà náà sì ń kópa níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ sì ni pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn. TETFund tí òfin 2011 gbé kalẹ̀, tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ní owó ilé kíkọ́ àti owó ìwádìí, orí èrè àwọn iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀: ìdá 2 nínú 100 nígbà tí òfin náà jáde, ó wá di 3 ní 2023. Èrè iléeṣẹ́ sì ti ara ohun tí èmi àti ẹ̀yin ń rà wá. Ìyá tó ra ọṣẹ àti míliìkì ní Ọjà Ọba ti dá owó sí ìwádìí kan lónìí láìmọ̀.

Ó dáa. Báwo la ṣe ń mọ̀?

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe àti ohun tó yí padà. Wọ́n wá, wọ́n kọ́ yín, wọ́n pín ìwé: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn. Kò tíì di àǹfààní, àfi ìgbà tí ẹnìkan bá mú un dé oko tó sì ṣe nǹkan lọ́nà tí kì í gbà ṣe é tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdajì àwọn ìròyìn ìwádìí tí mo ń kà ti ń ṣubú.

Nígbà kan mo lọ wo ẹ̀rọ ìyangàrí kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ló ṣe é. Ìròyìn tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ dùn ún kà: wọ́n ti kọ́ àwọn obìnrin, wọ́n ya fọ́tò, kábíyèsí wà láàárín. Nígbà tí mo débẹ̀, adìẹ ló ń sàba nínú agbada rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ fa bẹ́líìtì rẹ̀ yọ lábẹ́ eruku, ó ti já. Ìyá tó ni àtíbàbà náà sọ fún mi pé ẹ̀rọ náà kò burú, ó kàn ga ni. Orí àpótí ni àwọn máa ń jókòó sí yan gàrí láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, ọmọ lè wà lẹ́yìn ẹlòmíràn. Ìdúró ni èèyàn ń dúró ti èyí. Bẹntiróòlù tó ń mu tún wọ́n. Lóṣù kejì bẹ́líìtì já, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi sílẹ̀ kò wọlé mọ́.

Mo ti fẹ́ kọ òfo sílẹ̀ kí n máa lọ, ni mo bá ṣàkíyèsí pé ojú mi kò ta mí. Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà kan náà, igi tútù ni wọ́n dáná sí, síbẹ̀ èéfín kò sí níbẹ̀. Mo béèrè. Ìyá náà nawọ́ sí ẹ̀yìn ààrò. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ ojú ihò kan, wọ́n ká páànù róbótó sórí rẹ̀, èéfín sì ń gba ibẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn àtíbàbà. Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ara ẹ̀rọ yẹn ni. Ẹ̀rọ náà ní ihò èéfín. Nígbà tí wọ́n pa á tì, wọ́n yọ ọgbọ́n yẹn lára rẹ̀, wọ́n gbé e sára ààrò tiwọn. Ààrò mọ́kànlá tó ní in ni mo kà ní abúlé náà kí n tó wọkọ̀ padà. Ìyá náà ní ikọ́ tó máa ń wu òun lóru ti dín kù. Kò sí gbólóhùn kan nípa èyí nínú ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí kò sẹ́ni tó padà wá wò ó. Wọ́n ń fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ yangàn, wọn kò sì mọ̀ nípa oore tí wọ́n ṣe.

Nítorí náà, Ìyá Akọ̀wé, kí ẹ tó ronú lórí lẹ́tà, ẹ wọ oko àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ta ló ṣì ń já kòkó dúdú títí di òní? Ta ló gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún kan tó sì fi sílẹ̀, kí sì nìdí? Àwọn tó fi sílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì lójú mi ju àwọn tó ń ṣe é lọ. Bí wọ́n bá ní owó lébìrà tí yóò máa gun igi ló wọ́n jù, ohun tí àwọn olùkọ́ yẹn nílò láti gbọ́ nìyẹn. Ẹ wò ó bóyá ohun mìíràn ti jáde tí wọn kò kọ́ yín rárá, bíi ti ihò èéfín.

Ẹ jẹ́ ká wá mú gbólóhùn inú lẹ́tà náà, pé owó yín di ìlọ́po mẹ́ta. Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé pé owó yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí 2024. Ojú ọjọ́ àti àrùn ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire, àwọn méjèèjì tó ń kó ju ìdajì kòkó àgbáyé jáde. Àwọn oníṣòwò kò rí kòkó rà, ni tọ́ọ̀nù kan tí kò ju nǹkan bí 2,500 dọ́là lọ ní 2022 bá fò kọjá 12,000 ní oṣù Kejìlá 2024. Náírà náà sì ti já wálẹ̀ láti àárín 2023, dọ́là kan wá di òbítíbitì náírà. Àgbẹ̀ tí kò fojú kan olùkọ́ yunifásítì rí, tó jẹ́ pé kòkó dúdú kún orí igi rẹ̀, owó tirẹ̀ náà pọ̀ lọ́dún yẹn. Bí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ fún ìwádìí kan, a ti fi oore ọjà sọ́rùn ẹni tí kò ṣe é.

Ẹ má fi náírà díwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi kílò díwọ̀n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni ẹ̀rí tó dára jù wà, bóyá ẹ kò sì kà á sí: ìwé tí ẹ fi ń kọ iye kílò tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kó wá ní ìgbà ìkórè. Ẹ ṣí i. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń já kòkó dúdú sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tí kò ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ wo kílò àwọn méjèèjì nínú ọdún kan náà. Mo ní nínú ọdún kan náà, torí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytophthora, òjò ló fẹ́ràn. Ọdún tí òjò bá pọ̀, kòkó gbogbo èèyàn ló ń rà. Ọdún tí òjò bá kéré, àti ẹni tó ṣiṣẹ́ àti ẹni tó sùn ni kòkó rẹ̀ ń dára. Bí ẹ bá fi 2021 wé 2023, ẹ lè máa fi òjò wé òjò. Kí ẹ sì rí i pé oko tí ẹ ń fi wéra kò jù ara wọn lọ gidigidi, igi wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ kan ní abúlé kejì tí àwọn olùkọ́ náà kò dé, tí wọ́n sì lè fún yín ní iye kílò tiwọn, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan tí mo ka sí ọ̀kan nínú ìwádìí tó dára jù tí yunifásítì kan ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, torí kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú un lágbára ni pé wọ́n ní kíláàsì mìíràn tó ń lọ bí a ṣe ń ṣe é látẹ̀yìn wá, tó ń bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé ṣe dáadáa jù, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Bí wọn kò bá ní kíláàsì kejì yẹn, ẹnikẹ́ni lè sọ pé àwọn ọmọ náà kàn mọ̀wé láti ilé wọn ni.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 gbà pé kí ọmọ fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀ ìwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kò tẹ̀ lé e. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti èdè abínibí. Ní 2025, ìjọba fagi lé e. Ṣé a ó sọ pé ìwádìí Ifẹ̀ kò wúlò? Rárá. Ó dùn mí dénú pé ìmọ̀ tó dájú wà nílẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún, tí àwọn ọmọ wa ní Àkúrẹ́ ṣì ń sunkún lórí ìwé tí wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn tí ìmọ̀ wà fún ni kò lò ó. Ẹ̀bi yẹn kò sí lọ́rùn yunifásítì nìkan, ẹni tó bá sì ń díwọ̀n gbọ́dọ̀ lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Irú rẹ̀ mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ọ̀dà bítúmẹ̀nì wà nínú ilẹ̀ ní Agbabu. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta láti Ifẹ̀ gbẹ́ ihò, wọ́n wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní, òkèèrè ni púpọ̀ nínú ọ̀dà tí a ń dà sójú títì ti ń wá. Ìmọ̀ wà, owó àti ìpinnu ni kò sí.

Ohun mìíràn tí lẹ́tà kò lè gbà ni oore tí àwọn tó jẹ ẹ́ kò mọ ẹni tó ṣe é. Ẹ lè rántí ìgbà tí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun ń pa ẹ̀gẹ́ kú ní àwọn ọdún 1980. Àwọn onímọ̀ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, wá agbọ́n wẹ́wẹ́ kan láti Paraguay tó ń fi kòkòrò náà ṣe oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀ ní 1981, agbọ́n náà sì tàn kárí Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò ra oògùn, kò lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ó kàn rí i pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tún ń hu ewé. Hans Herren tó ṣáájú iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Bí wọ́n bá ní kí àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè buwọ́ lùwé nígbà náà pé IITA ràn wọ́n lọ́wọ́, ta ni ìbá buwọ́ lù ú?

Mo tún máa ń rántí sátẹ́láìtì kékeré tí FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ wa níbí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, bá yunifásítì kan ní Japan ṣe. Nigeria EduSat-1 ni wọ́n pè é, wọ́n gbé e lọ sójú ọ̀run ní 2017. Kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kò sì wúwo ju bí kílò kan lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn bi mí nígbà náà pé kí ni yóò ṣe fún aláṣọ ní Ọjà Ọba. Kò sí ohun tó lè fọwọ́ bà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ wa tó fọwọ́ ara wọn kàn án, tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde láti orí tábìlì títí dé ojú ọ̀run, àwọn ni àǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní ìlú Oǹdó, tó ti ń kọ́ olùkọ́ láti àwọn ọdún 1960: ta ló lè ka iye ọmọ tó mọ ìwé nítorí rẹ̀? Nígbà tí mo bá ń díwọ̀n yunifásítì kan lódindi, àwọn èèyàn tó kọ́ jáde ni mo ń gbé sókè jù, ìwádìí tẹ̀ lé e. Ìdájọ́ tèmi nìyẹn o, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà bẹ́ẹ̀.

Oore nìkan kọ́ la ń wá o. Ẹ̀yin tí ẹ bá tó ọjọ́ orí mi kò lè gbàgbé Gàmálín. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ nípa kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí i pé oògùn lindane ń pa kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu, Gamalin 20 sì ni wọ́n pe èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣiṣẹ́, kòkó pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá díwọ̀n rẹ̀ ní 1960, máàkì rẹ̀ ìbá kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, ó ń wọ ara ẹja, àwọn kan tún ń dà á sódò láti fi pẹja tí èèyàn yóò jẹ. Ní 2009 ni àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tó yẹ kí ayé pa tì. Ètò Bìrìtéènì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í bi yunifásítì léèrè nípa ìpalára, oore tí wọ́n bá yàn ni wọ́n ń kọ. Ó tún gbówó lórí: ti 2014 nìkan, ìṣirò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé ó ná àwọn yunifásítì àti ìjọba ní mílíọ̀nù 246 pọ́n-ùn. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí a kàn dà á kọ síhìn-ín. Owó bẹ́ẹ̀ á wúlò jù bí olùkọ́ bá fi wọkọ̀ padà sí abúlé tó ti ṣe ìwádìí.

Nítorí náà ẹ bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bóyá rírẹ́ ẹ̀ka yẹn pa ẹnìkan lára. Ṣé igi gbẹ nítorí oòrùn tó pọ̀ jù? Ṣé ẹnìkan já láti orí igi? Níbo ni wọ́n ń kó kòkó rírà náà sí lẹ́yìn tí wọ́n bá já a? Bí wọ́n bá kó o jọ sídìí igi, àrùn náà lè tibẹ̀ padà gun òkè nígbà tí òjò bá ń ta á sókè.

Kí ẹ sì ṣọ́ ẹni tí ẹ ń bi. Bí ó bá jẹ́ ìpàdé ẹgbẹ́ nìkan lẹ ti béèrè, alága àti àwọn tó ni ilẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe oko onílẹ̀, tí wọ́n ń pín kòkó, torí àwọn ló ń gun igi. Ẹ lọ bá àwọn obìnrin tó ń fọ́ kòkó, tí wọ́n ń dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń sá a. Iṣẹ́ lè ti pọ̀ sí i fún wọn láìjẹ́ pé owó kankan dé ọwọ́ wọn. Mo ti rí i rí, kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ní ti àwọn olùkọ́ náà, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣàánú wọn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbé olùkọ́ ga torí pé ó padà wá sí Ìdànrè. Ìwé tó kọ sí jọ́nà ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan túmọ̀ èsì rẹ̀ sí Yorùbá, tó gbé e wá ka fún àwọn àgbẹ̀, ó ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan tí kò sẹ́ni tó kà sí fún un. Mo fẹ́ kí èyí yí padà ní gbogbo yunifásítì wa, láti Akùngbá dé Òkìtìpupa. Ṣùgbọ́n kí ó tó yí padà, ẹ lè fún àwọn wọ̀nyí ní ìdí láti padà wá. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin yóò kọ lẹ́tà, àwọn náà yóò sì wá ka èsì ìwádìí 2022 fún yín ní Yorùbá ní ọjọ́ ìpàdé. Kí ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n so lẹ́tà mọ́ oògùn tàbí ẹ̀bùn kankan. Ẹlẹ́rìí tó gba nǹkan kì í níyì níwájú adájọ́.

Bí ẹ bá ti yẹ ìwé kílò yín wò tán, lẹ́tà náà lè rí báyìí, ní Yorùbá. Àwọn ni wọn yóò wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀:

"Ní 2022, ẹ wá kọ́ wa bí a ṣe ń já kòkó dúdú kúrò àti bí a ṣe ń rẹ́ ẹ̀ka. Iye ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ṣì ń ṣe é lónìí nìyí, iye tó gbìyànjú rẹ̀ tó fi sílẹ̀ sì nìyí, ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. A fi iye kílò tí àwọn méjèèjì kó wá ní 2023 àti 2024 sínú ìwé tó tẹ̀ lé e. Owó wa pọ̀ ní 2024, ṣùgbọ́n ọjà ló gbé e, a kò lè kà á sí yín lọ́rùn. Ìwé tí ẹ pín fún wa, púpọ̀ nínú wa kò lè kà á. Ohun tí àwọn obìnrin wa sọ nípa iṣẹ́ tó kún tiwọn nìyí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wádìí nígbà mìíràn tí ẹ bá wá nìyí."

Kí ẹ tó buwọ́ lù ú, ẹ kà á sókè fún gbogbo ẹgbẹ́, kí àwọn tó ń sá kòkó náà wà níbẹ̀, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ iye kan sọ ọ́. Ẹ ya ẹ̀dà mẹ́ta: kí ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́, kí ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwádìí ní yunifásítì wọn, kí ẹ fi ẹ̀kẹta sínú fáìlì ẹgbẹ́. Ẹ kọ déètì sí i.